Ẹrẹ̀ Tí Kò Dì: Ọjọ́ Kan Láàárín Àwọn Ẹyẹ Ìgbà Òtútù ní Rainham

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ bá àwọn òbí yín wá sí gbọ̀ngàn yìí, mo kí yín, ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ sì kú òtútù. Nígbà tí ẹgbẹ́ wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ tí èmi àti èèyàn mẹ́jọ nínú wa lọ wo ẹyẹ ní oṣù kìíní, ẹnìkan bi mí pé kí ni ènìyàn ń wá nínú ẹrẹ̀ nígbà tí gbogbo ayé ń wá ẹ̀bá iná. Ìbéèrè náà dára, nítorí pé ẹrẹ̀ yẹn gan-an ni mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ẹyẹ ni ojú ń rí, òun ni ó sì ń dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ni ó pè wọ́n wá, òun ni ó ń bọ́ wọn, bí kò bá sì sí i, kò sí ẹyẹ kankan tí à bá wò.

Ìrà Rainham ni a lọ, ní etí odò Thames, níbi tí London ti ń parí tí Essex sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá dúró sí etí odò níhìn-ín ní Thamesmead, tí ẹ kọjú sí ìlà-oòrùn, ìsàlẹ̀ odò lódìkejì lọ́hùn-ún ni ó wà. Ojú lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o, ṣùgbọ́n nítorí pé kò sí afárá nítòsí, a ní láti wakọ̀ yí lọ sí Dartford, kí a gba inú ihò abẹ́ odò kọjá, kí a tó yà sí Purfleet. Ẹni tí kò bá ní ọkọ̀ lè wọ reluwé láti Fenchurch Street, kí ó sọ̀kalẹ̀ ní Purfleet, kí ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́bàá odò títí dé ẹnu ọ̀nà.

Kí a tó wọ inú ìrà náà, ẹ jẹ́ kí n rán wa létí pé orí ìrà ni gbogbo wa jókòó sí báyìí. Ìrà Erith àti ti Plumstead ni wọ́n kọ́ Thamesmead lé, ọdún 1968 sì ni àwọn ayálégbé àkọ́kọ́ kó wọlé. Ìkún-omi òkun ti 1953, tí ó pa èèyàn 307 ní ilẹ̀ England, kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn tó ya àwòrán ìlú náà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé àkọ́kọ́ kò fi ní yàrá tí ènìyàn ń gbé ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Àwọn adágún omi tí a máa ń kọjá lẹ́bàá wọn nígbà tí a bá ń mú àwọn ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́ kì í sì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán, nítorí pé omi gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò dúró sí. Àwọn àgbà wa ní àbàtà ta kété bí ẹni pé kò bá odò tan. Ìbátan ni wọ́n, bí odò bá sì kún, ilé ìbátan rẹ̀ ni ó ń gbà lọ.

Ti Rainham yàtọ̀ sí tiwa ní ọ̀nà kan. Fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, pápá tí àwọn ọmọ ogun ti ń kọ́ ìbọn yíyìn ni ibẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìbọn yẹn ni ó dáàbò bo ìrà náà: nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ omi kúrò lára àwọn ìrà yòókù tí wọ́n ń kọ́ ilé iṣẹ́ àti ilé gbígbé lé wọn lórí, kò sí ẹni tó lè kọ́lé sí ibi tí ọta ti ń fò. Ní ọdún 2000, RSPB, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ ní ilẹ̀ yìí, ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ètò ààbò, wọ́n sì ṣí i fún ará ìlú ní 2006. Ó ju 300 hẹ́kítà lọ. Àwọn òkìtì tí wọ́n máa ń yìnbọn sí ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, ibùba ìwòran sì wà lẹ́bàá wọn. Ibùba ni mo pe ilé pákó kékeré tí ènìyàn ń jókòó sí tí ẹyẹ kò fi ní rí i, nítorí ọ̀rọ̀ ọdẹ ni ó bá a mu jù lọ. Ọdẹ a máa ba kí ó lè pa. Àwa ba kí a lè rí.

Odò Thames náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1957, àwọn onímọ̀ ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà fún ẹ̀dá ní London kéde pé odò náà ti kú láàárín ìlú, nítorí ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí tó gba gbogbo atẹ́gùn inú omi. Lẹ́yìn tí wọ́n tún àwọn ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ omi ìdọ̀tí ṣe, ẹja sámọ́nì kan di rírí ní 1974 níbi tí iléeṣẹ́ iná mànàmáná ti ń fa omi ní West Thurrock, ìsàlẹ̀ odò díẹ̀ sí Purfleet. Kì í ṣe ẹja nìkan ni ó padà. Aràn inú ẹrẹ̀, edé wẹ́wẹ́ àti ìṣáwùrú padà pẹ̀lú, bí oúnjẹ sì ti padà ni àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í yà.

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni a dé. Òtútù náà kì í ṣe kékeré. Ọyẹ́ ilé wa kò jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo koríko ti funfun, omi inú kòtò sì ti dì léteetí, bí ẹni fi awẹ́ gíláàsì pẹlẹbẹ bò ó. Mo ti sọ fún gbogbo èèyàn pé kí wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ṣùgbọ́n àwọn méjì kan kò gbà mí gbọ́. Ìyá àgbà kan wà láàárín wa, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìjẹ̀bú-Òde dé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Òun ni ó rọ ẹ̀kọ gbígbóná sínú fúláàsì, òun ni ó sì ń béèrè ìbéèrè jù lọ. Púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ó gbọ́ lónìí, ìdáhùn sí ìbéèrè Màmá ni.

Etí odò ni a kọ́kọ́ lọ kí omi tó kún. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun ń ti odò Thames wá sókè, tí ó tún ń fà á padà, nígbà tí ó bá sì fà, ẹrẹ̀ gbọọrọ gbọọrọ a máa yọ sí gbangba. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Àwọn ẹyẹ kéékèèké kan tí wọ́n ń pè ní dunlin, tí ìwúwo wọn kò ju nǹkan bí 50 gíráàmù lọ, ń sáré kiri bí eku, àgógó wọn ń ran ẹrẹ̀ bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Lẹ́yìn wọn ni àwọn godwit ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, tí wọ́n ń ti àgógó wọn bọlẹ̀ títí tí ó fi kan iwájú orí. Lọ́hùn-ún pátá ni curlew kan ṣoṣo, tí àgógó rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé, tí ó sì lè gùn tó 15 sẹ̀ǹtímítà. Mo ní kí gbogbo wọn wo àgógó wọ̀nyí dáadáa. Ti dunlin kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ, nítorí náà ohun tó wà lójú ẹrẹ̀ ni tirẹ̀. Ti godwit tó 10, ó ń jẹ ohun tó wà láàárín. Curlew ni ó lè dé ìsàlẹ̀ níbi tí àwọn aràn ńlá sá sí. Inú àwo kan náà ni gbogbo wọn ti ń jẹun, òkèlè ẹnìkan kò sì dí ti ẹnìkejì lọ́wọ́. Ojú kọ́ ni wọ́n fi ń wá oúnjẹ náà. Ṣóńṣó àgógó wọn ń gbọ́ ohun tó bá mira nínú ẹrẹ̀, bí ìka alágbẹ̀dẹ ti ń mọ bóyá irin gún tàbí kò gún.

Níbẹ̀ ni Màmá ti béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́. Ó ní, “Ọmọ mi, ẹyẹ tó ní ìyẹ́, tó lè fò lọ síbi tó bá wù ú, kí ló wá ń ṣe nínú òtútù yìí?” Mo dá a lóhùn pé ibi tí wọ́n ti wá tutù ju ibí lọ. Iceland, ilẹ̀ àwọn Scandinavia àti apá àríwá Rọ́ṣíà ni wọ́n ti pamọ. Ní oṣù kìíní, ilẹ̀ ibẹ̀ ti di òkúta, adágún ibẹ̀ ti dì débi pé ọkọ̀ lè gun orí rẹ̀, kò sì sí àgógó tó lè wọ ọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ erékùṣù. Omi òkun tó móoru díẹ̀ tí ń ti gúúsù bọ̀ ń gbá a mọ́ra, iyọ̀ inú omi àti bí omi ti ń lọ tó ń bọ̀ kì í sì í jẹ́ kí ẹrẹ̀ etí odò tètè dì. Ibi tí àwa ń sá fún ni wọ́n ń sá bọ̀. Màmá ronú sí i díẹ̀, ó ní, “A jẹ́ pé Gúúsù ni wọ́n ń pe ibí.” N kò tíì gbọ́ ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí ó fi di ọ̀sán, omi ti bo gbogbo ẹrẹ̀ náà. Àwọn ẹyẹ etí odò gbéra lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n fò kọjá lórí wa wọ inú ìrà lọ láti sinmi, àwa náà sì gba orí afárá pákó tẹ̀ lé wọn. Ojú irin tí ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá ń gbà láti London lọ sí Faransé wà níbẹ̀ lórí òpó, òpó iná ńláńlá wà pẹ̀lú, ọkọ̀ ẹrù sì ń pariwo ní títì A13. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ náà tó gbé orí sókè.

Inú ìrà ni àwọn pẹ́pẹ́yẹ inú igbó wà, ó sì ju ohun tí a lè kà lọ. Wigeon ni ó pọ̀ jù. Akọ rẹ̀ ní orí pupa bí osùn, ìlà kan tí ó ní àwọ̀ ògì àgbàdo sì wà níwájú orí rẹ̀. Koríko ni wọ́n ń jẹ bí ewúrẹ́, wọ́n sì ń súfèé, “fíìò, fíìò,” gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Teal ni ó kéré jù nínú wọn, ìwúwo rẹ̀ kò ju nǹkan bí 300 gíráàmù lọ, síbẹ̀ àwọn kan nínú wọn ti Rọ́ṣíà wá. Ọ̀kan dúró sórí omi dídì ní iwájú ibùba wa, kò jìnnà ju ibi tí mo dúró sí yìí sí àga kejì lọ. Ìyẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí aṣọ òkè tí wọ́n fi owú dúdú àti funfun hun. Ó gbé ẹsẹ̀ kan pamọ́ sínú ìyẹ́ ikùn, ó fi ìkejì dúró, ó sì pajú dé.

Màmá ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ha ń dùn ún ni? Kò dùn ún. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ gbígbóná sọ̀kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ àti èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ tútù padà sókè fara kan ara wọn nínú ẹsẹ̀ náà. Ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀ ti fún èyí tó ń gòkè ní ooru rẹ̀ kí ó tó dé ọmọ ìka, nítorí náà ẹsẹ̀ lè tutù láìjẹ́ pé ara tutù. Orísun òróró kan wà ní ìdí ìrù rẹ̀ pẹ̀lú, tí ó ń fi àgógó mú tí ó sì fi ń pa ìyẹ́ rẹ̀ kí omi má baà wọ̀ ọ́. Màmá wo ẹsẹ̀ àwọn méjì tí kò wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì, kò sọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn èyí ni ẹyẹ funfun kan bà sínú kòtò tó wà lápá òsì, tí gbogbo ibùba sì sọ lẹ́ẹ̀kan náà pé, “Lékeléke!” Kì í ṣe èyí tó ń tẹ̀ lé màlúù nílé gan-an, ṣùgbọ́n ìyekan rẹ̀ ni. Ti ilé ní àgógó pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ti ibí ní àgógó dúdú, ẹsẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí ẹni tó ki ẹsẹ̀ bọ epo tí kò tíì jinná. Ó na ẹsẹ̀ kan síwájú, ó ń gbọ̀n ọ́n nínú omi tí kò jìn, kí ẹja wẹ́wẹ́ inú ẹrẹ̀ lè fò jáde. Bí ọ̀kan ti yọ ni ó ṣá a. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó wà pẹ̀lú wa ti na ọwọ́ méjèèjì síta lójú fèrèsé, ó yí èékánná sókè, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti máa ń ṣe ní kékeré pé kí lékeléke fún wa ní funfun tirẹ̀. London ni wọ́n bí i sí. Ìyá-ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ.

Ẹyẹ yìí ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Agbe kì í ráhùn aró, lékeléke kì í ráhùn ẹfun, ẹfun yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run. Ní apá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn obìnrin ọlọ́rọ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń fi ìyẹ́ rẹ̀ ṣe àkẹtẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ìgbà tí ó bá ń pamọ nìkan ni ìyẹ́ ẹ̀yìn gígùn náà ń hù, nítorí náà ìgbà yẹn ni àwọn ọdẹ ń pa á, tí ọmọ rẹ̀ a sì kú sínú ìtẹ́. Àwọn obìnrin mìíràn ni ó bínú sí èyí. Emily Williamson kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ní Didsbury, lẹ́bàá Manchester, ní 1889, wọ́n sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní wọ ìyẹ́ ẹyẹ mọ́. Láti inú ẹgbẹ́ yẹn ni RSPB ti jáde, òun náà tó ra Rainham. Ìgbà tí ó di 1921 ni òfin wá fi òpin sí kíkó ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ ilẹ̀ yìí. Ọdún 1996 ni irú lékeléke ẹlẹ́sẹ̀ dúdú yìí kọ́kọ́ pamọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní erékùṣù Brownsea. Lónìí kò ṣòro rí mọ́. Àwa náà ní ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé. Ìkóóde tí ń bẹ lára adé àwọn ọba wa, ara odídẹrẹ́ ni ó ti ń wá, títa odídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn sì ti di èèwọ̀ lábẹ́ àdéhùn àgbáyé tí wọ́n fẹnu kò sí ní 2016, nítorí pé ó ti ń tán lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni gbogbo ìrà gbéra. Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ mọ ìdí rẹ̀. Wigeon, teal, lapwing, gbogbo wọn fò sókè pẹ̀lú ariwo bí ìgbà tí wọ́n bá da yanrìn sórí páànù, ojú ọ̀run sì ṣú. Àṣá ìrà ni, abo tí orí rẹ̀ funfun bí wàrà tí ara yòókù sì dúdú, tí ó ń fò jẹ́jẹ́ lókè koríko gíga etí omi, ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì gbé sókè díẹ̀. Kò mú nǹkan kan, ó kọjá lọ. Ní 1971, abo kan ṣoṣo irú ẹyẹ yìí ni ó ń pamọ ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí oògùn apakòkòrò DDT, nítorí ìbọn, àti nítorí pé wọ́n ti gbẹ ìrà tó ń gbé. Wọ́n ti di ọgọ́rọ̀ọ̀rún báyìí. Mo wo Màmá, mo rí i pé ó di ọwọ́ ìjókòó mú. Ó ní láti ìgbà tí òun ti wà lọ́mọdé ni òun kò ti rí ẹyẹ púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú kan.

Koríko gíga tí àṣá náà ń fò lórí rẹ̀, tó dà bí eèsún, dákẹ́ rọ́rọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ yìí kì í dákẹ́, nítorí ẹyẹ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní reed warbler, tí ìwúwo rẹ̀ tó nǹkan bí 12 gíráàmù, a máa kọ́ ìtẹ́ sáàárín rẹ̀, a sì máa pariwo tọ̀sán-tòru. Ní oṣù kìíní, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó wà, Nàìjíríà wà lára ibi tó ń gbé. Alápàńdẹ̀dẹ̀ ilẹ̀ yìí ń lọ títí dé Gúúsù Áfíríkà, ní Boje ní ìpínlẹ̀ Cross River sì ni àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ Yúróòpù tó lé ní mílíọ̀nù kan ti máa ń kóra jọ sùn lójú òkè kan. Kódà godwit tí a rí lẹ́bàá odò ní ẹbí méjì: àwọn ọmọ Iceland ń lo ìgbà òtútù wọn níhìn-ín, àwọn ọmọ Nẹ́dálándì a sì máa kọjá lọ sí oko ìrẹsì Senegal àti Guinea-Bissau. Ó pẹ́ kí àwọn aláwọ̀ funfun tó gba èyí gbọ́. Àwọn kan nínú wọn gbà pé inú ẹrẹ̀ ni alápàńdẹ̀dẹ̀ ń sùn sí nígbà òtútù. Ní 1822 ni wọ́n pa ẹyẹ àkọ̀ kan ní àríwá Jámánì tí ọ̀kọ̀ tí wọ́n ṣe ní Áfíríkà gún ní ọrùn, tí ó sì gbé e fò dé ibẹ̀. Ẹyẹ náà ṣì wà ní yunifásítì Rostock. Ọdẹ ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú kan, tí kò sí ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ni ó fún wọn ní ẹ̀rí tí wọ́n ń wá.

Èyí ni ó mú ọ̀rọ̀ dé ilé. Ẹyẹ tó bá ti etí omi ibí gbéra kò lè dá ibi tí yóò bà sí ní ọ̀hún, bí ibẹ̀ kò bá sí mọ́. Ọgbà ìpamọ́ tó wà ní Lẹ́kkí ní Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, ní afárá pákó lórí ìrà bíi ti Rainham, hẹ́kítà 78 sì ni gbogbo rẹ̀. Ó dára, ẹni tó bá lọ sílé kí ó mú ọmọ rẹ̀ lọ wò ó. Ṣùgbọ́n a mọ iye ìrà tí wọ́n ti fi yanrìn dí ní àyíká rẹ̀ láti ìgbà náà, nínú àwa tí a wà níhìn-ín sì ni ẹni tó ra ilẹ̀ níbẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí alágbàtà bá fi ọwọ́ na àbàtà tí ó ní ilẹ̀ òfìfo ni, kò sọ òótọ́. Ilẹ̀ náà ní onílé, wọ́n sì ń gbé inú rẹ̀ ní ìpele ìpele, bí àgógó dunlin, ti godwit àti ti curlew ti fi hàn wá. Òun náà sì ni ó ń gba omi òjò tí a ń sọkún lé lórí lọ́dọọdún nígbà tí ó bá wọ yàrá.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni oòrùn wọ̀. Àwọn lapwing, tí ìyẹ́ kan nà sókè lórí wọn bí òṣù adóṣù, padà sórí koríko, wọ́n kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, gbogbo wọn lápá kan náà. A rò pé àṣá ìrà náà yóò padà wá sùn sáàárín koríko gíga. Ó padà, ó yí po lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀ bí ẹni tó mọ ibi tí ibùsùn òun wà nínú òkùnkùn.

Orí afárá Queen Elizabeth ni a gbà padà, nítorí inú ihò ni wọ́n ń gbà lọ, orí afárá ni wọ́n ń gbà bọ̀. Láti òkè yẹn, lápá ọ̀tún wa, odò ń dán lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó kù. Ọmọ kékeré náà ti sùn. Màmá ti ń mu èyí tó kù nínú ẹ̀kọ rẹ̀, kò sì tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí a ti wọ ọkọ̀, kí ó tó wá béèrè pé ìgbà wo ni omi yóò tún fà. Mo sọ fún un pé yóò tó nǹkan bí aago méje alẹ́. Ó ní ṣé wọn yóò tún jẹun nínú òkùnkùn? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àgógó wọn kò nílò ìmọ́lẹ̀. Ó ní kí n rọra wa ọkọ̀, kí ojú òun lè kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀.